Àmì Tó Ń Sọnù Nínú Ìwàásù Wa: Fọ́ǹtì, Síláìdì àti PDF

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ wa ni kì í wàásù láìsí síláìdì mọ́. Ẹsẹ Bíbélì, kókó ìwàásù àti ọ̀rọ̀ orin ni à ń gbé sójú ògiri kí gbogbo ìjọ lè rí i. Lẹ́yìn ìsìn, a ó sọ síláìdì kan náà di PDF, a ó sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àwọn tí kò lè wá, sí àwọn ẹgbẹ́ àdúrà ilé, àti sí àwọn ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun. Ohun tó dára ni. Ìwàásù tí a fetí gbọ́ lè tètè kọjá lọ. Èyí tí a kọ sílẹ̀ lè wà lọ́wọ́ ẹni títí di ọjọ́ tí ìdánwò yóò dé.

Ṣùgbọ́n síláìdì tó mọ́ kedere lójú kọ̀ǹpútà pásítọ̀ ní alẹ́ Sátidé lè di nǹkan mìíràn nígbà tó bá di PDF. Àmì abẹ́ lẹ́tà á pòórá. Àmì ohùn á kúrò lórí fáwẹ̀lì tó ni ín, á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àpótí kékeré òfìfo á jókòó síbi tó yẹ kí ẹ̀ tàbí ọ̀ wà. Ìlà mẹ́rin á di mẹ́fà, ìparí ẹsẹ Bíbélì á sì já bọ́ kúrò lójú ìwé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bójú tó ẹ̀rọ nìyẹn. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé iṣẹ́ oníwàásù fúnra rẹ̀ ni, nítorí pé ohun tó ń yí padà níbẹ̀ kì í ṣe ẹwà ojú ìwé. Ọ̀rọ̀ tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni. A ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí àmì ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà, a ó wo bí lẹ́tà, fọ́ǹtì àti PDF ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, ibi tí àmì ti ń sọnù, àti ohun tí ẹnikẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀ lè ṣe láti pa á mọ́.

Iṣẹ́ tí àmì kékeré ń ṣe

Gbogbo wa la mọ ìtàn tó wà nínú Ìwé Àwọn Onídájọ́ orí 12. Àwọn ará Gílíádì gba ibi tí wọ́n ti ń la odò Jọ́dánì kọjá, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi ìró s pè é dípò ṣ, wọ́n mọ̀ pé ará Éfúráímù ni, wọn kò sì jẹ́ kó kọjá láàyè. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì, 42,000, ènìyàn ni Ìwé Mímọ́ sọ pé ó ṣubú nínú ará Éfúráímù lákòókò náà. Nínú èdè Yorùbá, ohun tó ya ṣ sọ́tọ̀ kúrò lára s lórí ìwé kò ju àmì kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ lọ. Àmì yìí gan-an ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù bí fọ́ǹtì bá dàrú.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lórí pẹpẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni Kristi wá mú kúrò. Ẹsẹ̀ ni ó wẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ ni a sì ń kà nínú Bíbélì. Bí àmì bá sọnù, ese ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọpẹ́ la fi ń wọ ẹnubodè Olúwa; ọ̀pẹ ni igi tó ń fún wa ní epo; òpè ni ẹni tí kò mọ nǹkan. Bí àmì bá lọ, ope ni gbogbo wọn. Ìyè tí kò lópin ni ìlérí ìhìn rere. Iye tí kò lópin lè jẹ́ gbèsè. Ìjọ ni ara Kristi. Ijó ni à ń jó níwájú rẹ̀.

Àwọn kan tún wà tó léwu ju ìwọ̀nyí lọ, nítorí pé bí àmì bá yẹ̀, ohun tó kù ṣì ní ìtumọ̀, ẹni tó ń kà á kò sì ní fura. Kí pásítọ̀ kọ ọ́ sójú síláìdì pé Ẹ̀mí ni ó ń darí ìjọ. Bí àmì abẹ́ ẹ àkọ́kọ́ bá bọ́, tí ohùn ọ̀rọ̀ náà sì dàrú, ohun tí ọmọ ìjọ yóò kà ni pé Èmi ni ó ń darí ìjọ. Orúkọ pásítọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀! Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti Ọrọ̀ Ọlọ́run. Àmì dò kan ṣoṣo lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ó ya Ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọrọ̀. Ní àkókò tí àwọn ènìyàn ń fẹ̀sùn kan ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì pé ọrọ̀ là ń wàásù dípò Ọ̀rọ̀, kò yẹ kí fọ́ǹtì bá wọn jẹ́rìí sí i.

Àwọn tó gba Ìwé Mímọ́ pamọ́ fún wa kò fojú kékeré wo irú àmì bẹ́ẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni wọ́n ń kọ nínú èdè Hébérù àtijọ́. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún keje títí dé ìkẹwàá lẹ́yìn ikú Olúwa wa, àwọn ọ̀mọ̀wé Júù tí à ń pè ní Másórétì, tí àwọn olókìkí inú wọn wà ní Tìbéríà, fi àmì tóótòòtó sábẹ́ àti sórí àwọn kọ́ńsónáǹtì náà kí ìpè ọ̀rọ̀ má bàa parun. Wọn kò fi ọwọ́ kan lẹ́tà tí wọ́n jogún. Àmì ni wọ́n fi yí i ká. Iṣẹ́ wọn ni Bíbélì Hébérù tí à ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wa lónìí dúró lé.

Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ ṣe irú rẹ̀. Kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó ní 1875 láti fìdí ọ̀nà tí a ó gbà máa kọ èdè yìí múlẹ̀. Ohun tí a fi jíjókòó àti àríyànjiyàn kọ́, kò yẹ kí bọ́tìnì kan lórí kọ̀ǹpútà bà á jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàkíyèsí.

Bí lẹ́tà, fọ́ǹtì àti PDF ṣe ń ṣiṣẹ́

Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú àwòrán lẹ́tà. Nọ́ńbà ló ń tọ́jú. Gbogbo lẹ́tà ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìlànà àgbáyé kan tí à ń pè ní Unicode, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991. Nínú ìlànà yìí, ẹ ní nọ́ńbà kan, ọ ní tirẹ̀, ṣ ní tirẹ̀. Á àti à náà ní nọ́ńbà tiwọn, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù bíi Faransé àti Potogí ń lo irú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ nìyí: ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àkọ́kọ́ dúró fún ẹ tàbí ọ. Èkejì dúró fún àmì mí tàbí àmì dò tí yóò gun orí rẹ̀. Bí m̀ ṣe rí náà nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí a bá kọ Ọlọ́run, lẹ́tà mẹ́fà ni ojú wa rí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà méje ni kọ̀ǹpútà ń gbé. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ so ìkẹrin mọ́ ìkẹta, kí àmì mí lè jókòó sórí ọ kejì. Fọ́ǹtì ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Fọ́ǹtì ni aṣọ lẹ́tà. Nọ́ńbà sọ irú lẹ́tà tó jẹ́. Fọ́ǹtì sọ bí yóò ṣe rí lójú. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì dáadáa fún èdè bíi tiwa yóò ya ẹ, yóò ya ọ, yóò tún fi ibi tí àmì ohùn yóò jókòó sí hàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan wà lọ́kàn rẹ̀ lè má ya ẹ rárá. Bí kò bá sì yà á, kọ̀ǹpútà á lọ yá ẹ láti inú fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún wa. Bí ẹ bá wo síláìdì dáadáa tí ẹ rí i pé ẹ àti ọ nípọn díẹ̀ ju àwọn lẹ́tà yòókù lọ, tàbí pé àmì dò wà lẹ́yìn lẹ́tà dípò orí rẹ̀, aṣọ àyálò ni lẹ́tà náà wọ̀.

PDF ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Adobe ló gbé e jáde ní 1993, ó sì di ìlànà àgbáyé ní 2008. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ni pé kí ojú ìwé kan rí bákan náà níbikíbi tí a bá ti ṣí i. Ọ̀nà tó gbà ń ṣe èyí ni pé ó lè di fọ́ǹtì mọ́ra nínú fáìlì. Bí ó bá di í mọ́ra, kò sí wàhálà. Bí kò bá dì í, ó dà bí ẹni tó lọ sí ìrìn àjò láìmú aṣọ: èyí tó bá bá nílé onílé ni yóò wọ̀. Fóònù tó ṣí fáìlì náà á wá fọ́ǹtì tó jọ ọ́, bí èyí kò bá sì mọ ẹ̀, àpótí òfìfo tàbí àmì ìbéèrè ni yóò gbé síbẹ̀.

Nǹkan kejì tún wà nínú PDF tí ojú kì í rí. Ìrísí lẹ́tà ni PDF ń yà sójú ìwé. Tábìlì kan lọ́tọ̀ nínú fáìlì ló ń sọ pé ìrísí yìí ni ẹ, ìrísí yẹn ni ṣ. Bí tábìlì yìí kò bá sí, tàbí bí kò bá pé, ojú ìwé lè dára lójú, kó jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ mú ẹsẹ kan níbẹ̀ lọ sórí WhatsApp ni yóò rí wótowòto. Kò ní lè wá ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ọmọ ìjọ tí ojú rẹ̀ kò ríran, tó ń lo ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè, kò ní gbọ́ nǹkan tó ní láárí. Ẹni tí ìhìn rere sọ pé Olúwa dúró dè lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò, a kò gbọdọ̀ fi fáìlì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ibi mẹ́rin tí àmì ti ń sọnù

Àkọ́kọ́ ni ibi títẹ̀. Kí fáìlì tó di PDF rárá ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti bàjẹ́. Láyé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, àwọn ènìyàn máa ń fa ìlà sábẹ́ e, o àti s láti fi ṣe ẹ, ọ àti ṣ, àwọn kan sì ṣì ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ìlà abẹ́ kì í ṣe ara lẹ́tà. Ọ̀ṣọ́ lásán ni. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ náà lọ síbòmíràn, ìlà á dúró sẹ́yìn, s á sì kù. Àwọn mìíràn ń lo ş ti àwọn ará Tọ́kì, tí àmì abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́. Ó jọ ṣ lójú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mìíràn ni, ẹni tó bá wá ìṣẹ́gun nínú fáìlì kò sì ní rí i. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tún wà tí wọ́n ṣe kí Unicode tó gbilẹ̀: wọ́n ya ẹ sórí ipò àmì mìíràn. Bí fọ́ǹtì náà bá wà, ẹ la óò rí. Bí kò bá sí, àmì àjèjì náà ni yóò yọ jáde. Ìwé ìwàásù tí a ti kọ láti ogún ọdún sẹ́yìn sábà máa ń ní àrùn yìí.

Ìkejì ni yíyan fọ́ǹtì. A fẹ́ràn fọ́ǹtì ológe fún àkọlé, pàápàá fún ìsọjí àti ìsìn ìdúpẹ́. Algerian àti Brush Script wà lára àwọn tí à ń rí nígbà gbogbo. A kò ṣe wọ́n fún èdè tó ní àmì abẹ́. Bí a bá fi wọ́n kọ Ìsọjí Ẹ̀mí Mímọ́, aṣọ méjì tàbí mẹ́ta ni àkọlé kan náà yóò wọ̀.

Ìkẹta ni ìrìn àjò fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn kó tó di PDF. Pásítọ̀ ṣe síláìdì sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ pẹ̀lú fọ́ǹtì tó dára. Ó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìjọ, ẹni tí fọ́ǹtì náà kò sí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. PowerPoint kò ní kọ̀. Á fi fọ́ǹtì mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Akọ̀wé á sọ ọ́ di PDF bẹ́ẹ̀. PDF náà kò ṣìnà. Ohun tó bá ni ó dì mọ́ra. Èyí ló tún ń fa kí ìlà pọ̀ sí i, nítorí pé fọ́ǹtì tó rọ́pò lè fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tó gba inú àpótí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá kún jáde, ìlà tó gbẹ̀yìn á sì bọ́ sórí àwòrán tàbí kó kúrò lójú ìwé pátápátá.

Ìkẹrin ni ìyípadà gan-an. Àwọn fọ́ǹtì kan wà tí ẹni tó ni wọ́n ti fi òfin sí inú wọn pé a kò gbọdọ̀ dì wọ́n mọ́ fáìlì. Bí PowerPoint bá pàdé irú rẹ̀, ó lè sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán tàbí kó fi fọ́ǹtì mìíràn sí i. Bákan náà, ọ̀nà méjì la fi ń ṣe PDF: kí ètò náà gbé e jáde fúnra rẹ̀, tàbí kí a ṣe bí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí a wá yan PDF dípò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀nà kejì lè sọ tábìlì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nù. Ti àkọ́kọ́ ló sàn.

Ohun tí a ó ṣe

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kíbọ́ọ̀dù. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú àwọn èdè tó lè fi kún ètò rẹ̀. Lórí fóònù Android, Gboard náà ní in. Kíbọ́ọ̀dù tó ń lo Unicode ni kí ẹ fi tẹ gbogbo síláìdì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má fi ìlà sábẹ́ lẹ́tà mọ́, ẹ má sì gbé àmì kékeré kan wá láti ibòmíràn kí ẹ fi ọwọ́ tì í sábẹ́ o.

Ẹ yan fọ́ǹtì tó mọ èdè wa. Àjọ SIL, tí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì ti sọ di ọ̀rẹ́ àwọn èdè Áfíríkà, ti ṣe Charis SIL, Doulos SIL, Gentium àti Andika. Google ti ṣe Noto Sans àti Noto Serif. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, òfin wọn gbà kí a dì wọ́n mọ́ fáìlì, àmì ohùn sì ń jókòó síbi tó yẹ lórí ẹ àti ọ. Fún ojú ògiri, Andika àti Noto Sans ló rọrùn jù láti kà láti ọ̀nà jíjìn. Fún ìwé kíkà, Charis tàbí Gentium dára. Fọ́ǹtì kan fún àkọlé àti kan fún ọ̀rọ̀ ti tó. Kí gbogbo ìjọ fẹnu kò sórí wọn, kí a sì fi wọ́n sórí gbogbo kọ̀ǹpútà tí síláìdì ń gbà kọjá, títí kan ti ẹni tó ń gbé e sójú ògiri.

Bí síláìdì àtijọ́ bá kún fún oríṣiríṣi fọ́ǹtì, kò pọn dandan kí ẹ máa tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú PowerPoint, lábẹ́ Home, ẹ tẹ Replace, kí ẹ yan Replace Fonts. Yóò fi gbogbo fọ́ǹtì tó wà nínú fáìlì hàn yín, ẹ ó sì lè fi èyí tó dára rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn káàkiri gbogbo síláìdì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹlòmíràn ni yóò sọ síláìdì di PDF, ẹ di fọ́ǹtì mọ́ síláìdì fúnra rẹ̀. Nínú PowerPoint lórí Windows, ẹ tẹ File, Options, lẹ́yìn náà Save; ẹ fi àmì sí Embed fonts in the file, kí ẹ sì yan pé kó di gbogbo lẹ́tà mọ́ra, kì í ṣe àwọn tí ẹ lò nìkan. Ẹni tó bá gbà á á lè ṣàtúnṣe láìsí wàhálà. Nínú LibreOffice, ẹ ó rí irú rẹ̀ lábẹ́ File, Properties, Font.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé PDF jáde, ẹ yan PDF/A. Ẹ̀yà PDF kan ni, tí a gbé kalẹ̀ ní 2005 fún ìwé tí a fẹ́ tọ́jú pẹ́, òfin rẹ̀ sì ni pé gbogbo fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì. Nínú PowerPoint, ẹ tẹ File, Export, Create PDF, kí ẹ ṣí Options kó tó jáde, kí ẹ fi àmì sí ibi tí PDF/A wà. Nínú LibreOffice, ẹ tẹ File, Export As, Export as PDF, kí ẹ sì fi àmì sí Archive.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dán an wò. Ẹ ṣe síláìdì àdánwò kan, kí ẹ kọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí sí i: Ẹ́ Ẹ̀ ẹ́ ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ ọ́ ọ̀ Ṣ ṣ ń ǹ ḿ m̀. Ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin. Ẹ wò ó lójú: ṣé gbogbo àmì jókòó síbi tó yẹ? Ẹ ṣí i nínú Adobe Reader, kí ẹ wo File, Properties, Fonts: ṣé Embedded tàbí Embedded Subset wà níwájú fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan? Ẹ ṣẹ̀dà ìlà náà, kí ẹ gbé e sínú WhatsApp: ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Ní ìparí, ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tí kò ní fọ́ǹtì yín, kó ka á padà fún yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá yege nígbà kan lórí kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú fọ́ǹtì kan, ẹ kò ní láti tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àyàfi bí ẹ bá yí ọ̀kan nínú wọn padà.

Àwọn kan ní ọ̀nà àbùjá: wọ́n á ya fọ́tò síláìdì, wọ́n á sì sọ fọ́tò di PDF. Lóòótọ́, àmì kankan kò ní sọnù lójú. Ṣùgbọ́n a kò lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, a kò lè mú ẹsẹ kankan níbẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran kò ní gbọ́ nǹkan kan, fáìlì náà á sì wúwo fún ọmọ ìjọ tó ń fi ọgọ́rùn-ún náírà dátà wo nǹkan. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ kan, kó rí bẹ́ẹ̀. Kó má ṣe di àṣà.

Ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń kọ́ Hébérù àti Gíríìkì

Ìṣòro kan náà ló ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nínú iṣẹ́ àlàyé Ìwé Mímọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ tí à ń jogún lọ́wọ́ àwọn tó ṣíwájú wa lo fọ́ǹtì Symbol fún Gíríìkì. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ̀, fọ́ǹtì ló sọ ọ́ di Gíríìkì lójú. Bí fọ́ǹtì bá yí padà, logos tí Jòhánù fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ á di logoV lójú ìwé, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ tún wọn tẹ̀ pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù Gíríìkì ti Unicode, kí ẹ sì lo Gentium tàbí SBL Greek. Fún Hébérù, SBL Hebrew àti Ezra SIL mọ ibi tí àmì àwọn Másórétì ń jókòó sí. Láti ọwọ́ ọ̀tún ni Hébérù ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń dán PDF wò, ẹ ṣẹ̀dà ọ̀rọ̀ Hébérù kan jáde, kí ẹ rí i pé kò yí padà sẹ́yìn.

Àtakò kan àti ìkádìí

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn baba wa ka Bíbélì tí kò ní àmì ohùn tó pọ̀, Ọlọ́run sì gbà wọ́n là. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bíbélì náà di àmì abẹ́ lẹ́tà mú ṣinṣin, àwọn tó ń kà á sì gbọ́ èdè náà láti inú oyún. Ọmọ ìjọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tó ń kọ́ Yorùbá láti inú PDF tí a fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó wà lójú ìwé. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé kó fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀, kó má fi àmì abẹ́ ṣeré níbikíbi, kó sì fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ rọ̀ mọ́: Ẹ̀mí, Ọ̀rọ̀, ẹ̀ṣẹ̀, ìyè, ìgbàlà.

Nehemáyà orí 8 sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n ka òfin fún àwọn ènìyàn, wọ́n kà á ketekete, wọ́n sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ yé wọn. Hábákúkù gbọ́ àṣẹ pé kó kọ ìran náà síbi tí yóò hàn gbangba sí ẹni tó ń sáré. Ẹni tó ń sáré lóde òní ni ọmọ ìjọ tó dúró nínú mọ́tò ní Ọjọ́tà, tó ṣí fáìlì wa lórí fóònù kékeré láàárín ariwo. Kò lè pe pásítọ̀ láti bèèrè bóyá Ẹ̀mí ni tàbí èmi. Ohun tó wà lójú ìwé ni yóò mú lọ.

Kí fáìlì ìwàásù tó kúrò lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ̀yin tí a fi Ọ̀rọ̀ náà sí ìkáwọ́ yín, ẹ ṣí PDF náà fúnra yín, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wo gbogbo ẹ, gbogbo ọ, gbogbo ṣ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi ránṣẹ́.